Iṣẹ́ Ìwé Àlòkù ní Ilé-Ifẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Ẹ ní kí àwa tí à ń ta ìwé àlòkù wá sọ bí iṣẹ́ wa ti rí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó mọ̀ wá ní ìgbà tí àwọn ọmọ bá fẹ́ wọlé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ kì í sábà yà mọ́.

Eruku ọyẹ́ àti ọ̀rinrin òjò jẹ́ ọ̀tá ìwé, ṣùgbọ́n ikán ni ó burú jù. Ẹ̀yìn ìwé yóò máa dán, inú rẹ̀ yóò sì ti di iyẹ̀pẹ̀. Nítorí náà, orí pákó ni à ń to ọjà wa sí, a kì í jẹ́ kí ó kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Ìwé tí a bá rà, a ó ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, nítorí ìwé ìṣirò tí ojú ewé mẹ́rin ti já nínú rẹ̀ kò yẹ ní títà fún ọmọ ọlọ́mọ. Èyí tí ó tú, a ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an.

Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní 1961, tí ó kó wá sí orí ilẹ̀ rẹ̀ níhìn-ín ní 1967, ni ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Eré Ọlá Rótìmí, The Gods Are Not to Blame, tí a kọ́kọ́ ṣe ní ìlú yìí ní 1968, ẹ̀dà rẹ̀ kan wà tí a ti rà padà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Orúkọ àwọn tí ó ti ni ín kún ojú ewé àkọ́kọ́. Ní 2022, nígbà tí àwọn olùkọ́ni yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá, afẹ́fẹ́ ni à ń ṣí ilẹ̀kùn fún. Láti ìgbà tí náírà sì ti já wálẹ̀ ní 2023 tí ìwé tuntun wọ́n gógó, àwọn òbí tí kì í fojú kan àlòkù ti ń wá wa. A kò ní purọ́ pé inú wa kò dùn sí i.

Ohun kan ń dùn wá. Láyé àtijọ́, bí ẹ̀gbọ́n bá lo Aláwìíyé tán, àbúrò a gbà á. Nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ òǹtẹ̀wé ti pa ìwé kíkà àti ìwé iṣẹ́ pọ̀, inú rẹ̀ gan-an ni ọmọ ń kọ ìdáhùn sí. Bí ọdún bá parí, kò wúlò fún àbúrò, àwa náà kò sì lè rà á. Àwọn ìyá a máa gbé odindi àpò rẹ̀ wá, a ó sì dá wọn padà.

Èyí tí ó bà wá nínú jẹ́ jù ni ìwé àwọn àgbà. Bí bàbá kan bá papò dà, àwọn ọmọ a kó àpótí ìwé rẹ̀ fún alákàrà. Ẹ rántí Samuel Johnson: ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn òǹtẹ̀wé ní ìlú òyìnbó. Òun ti kú kí arákùnrin rẹ̀, Obadiah, tó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù nílé, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Bí wọ́n bá ti fi àkọsílẹ̀ yẹn di àkàrà ńkọ́?

Nítorí náà, à ń bẹ̀ yín, kí ẹ tó kó àpótí òkú jáde, ẹ ránṣẹ́ pè wá. Èyí tí a lè rà, a ó san owó rẹ̀. Èyí tí a kò lè rà, alákàrà kò lọ síbì kankan. Ìwé àti àkọsílẹ̀ tí ó bá jẹ́ ti ìtàn ìlú yìí, a kò ní tà á, bí ẹgbẹ́ bá lè fún wa ní kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ó ní àgádágodo. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, nítorí ọlọ́jà ni wá.