Àjẹsára Ọmọdé àti Ojúṣe Òbí



Kí òyìnbó tó mú abẹ́rẹ́ dé ni a ti ní àjẹsára: ohun tí a jẹ sí ara kí májèlé má baà ràn wá. Nígbà tí oògùn òyìnbó dé, orúkọ yìí náà ni a fún un. Abẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun jíjẹ, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n orúkọ náà bá oògùn àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mu, nítorí ẹnu ni a ń kán an sí. Ní àṣà wa, ẹni tí ó gbé ohun mímu fún àlejò a máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn.

Àwọn kan ní ọ̀dájú ni òbí tí kò bá gba àjẹsára fún ọmọ rẹ̀. Èmi kò yára dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Kánò kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àríyànjiyàn yìí ti fojú hàn jù ní orílẹ̀-èdè wa.

Ní 1996, àrùn yírunyìrun, èyí tí í mú ọrùn le, ń jà ní Kánò. Ilé-iṣẹ́ apoògùn Pfizer dán oògùn tuntun kan tí ń jẹ́ Trovan wò lára nǹkan bí 100 ọmọ. Iye kan náà ni a fún ní oògùn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú: 5 nínú àwọn ti Trovan, 6 nínú àwọn yòókù. Ilé-iṣẹ́ náà ní àrùn ni ó pa wọ́n. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ní 2009, Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún Kánò, láìgbà pé òun jẹ̀bi.

Oògùn ìwòsàn ni Trovan, kì í ṣe àjẹsára. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó sin ọmọ kò ní í ya ìyẹn sọ́tọ̀. Nígbà tí àwọn aṣiwájú ẹ̀sìn kan sọ ní 2003 pé ohun tí í sọ obìnrin di àgàn wà nínú oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, irọ́ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí irọ́ náà bọ́ sí ti lọ́ràá. Ìjọba Kánò dá ètò náà dúró títí di oṣù keje 2004. Àrùn kò dúró. Ó ti àríwá Nàìjíríà dé nǹkan bí 20 orílẹ̀-èdè tí ó ti kúrò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Indonesia, níbi tí Kánò ti ra oògùn tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí, wà lára wọn: nǹkan bí 300 ọmọ ni ó rọ lápá tàbí lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò mọ Kánò rárá.

Kí ni ó wá tu àwọn ènìyàn lójú? Gómìnà Ibrahim Shekarau kán oògùn náà sí ẹnu ọmọ tirẹ̀ ní gbangba. Ìtọ́wò nìyẹn.

Ewu ha wà nínú oògùn ẹnu yìí bí? Ó wà. Kòkòrò àrùn náà gan-an ni, tí a ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú nǹkan bí 2,700,000 ìlò, ó lè rọ ọmọ kan. Níbi tí àwọn ọmọ tí kò gbà á bá sì ti pọ̀, ó lè máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí ti èkejì títí yóò fi gba agbára rẹ̀ padà. Nítorí náà, òbí tí ó kọ̀ kò pa ewu. Ó tì í sí ọmọ ẹlòmíràn, ó sì ń sọ ọ́ di ńlá. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ó bá sọ pé kò sí ewu kankan ti purọ́, ọjọ́ tí òbí bá sì mọ̀, kò ní í gba òótọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Òwe náà kò dárúkọ ìyá; àgbà ni ó wí, ìjọba sì jẹ́ àgbà. Ní 1979, lẹ́yìn àríyànjiyàn lórí àjẹsára ikọ́ àwúbì, ìjọba Bìrìtéènì ṣòfin pé ọmọ tí àjẹsára bá sọ di aláàbọ̀ ara gidigidi yóò gba 10,000 pọ́n-ùn. Irú rẹ̀ ni mo ń fẹ́ fún àwọn ọmọ tiwa.

Iṣẹ́ tiwa tí a jẹ́ onímọ̀ èdè kò sì jìnnà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó kún inú káàdì àjẹsára tí ìyá ń gbé lọ gbé bọ̀. Mo rọ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa kí ó kọ ọ́ ní Yorùbá, èrè àti ewu lójú ewé kan náà, kí a sì kà á fún àwọn ìyá ọjà kí a tó tẹ̀ ẹ́.