Ọ̀rọ̀ Tí Kò Ní Ìka
Ọ̀rọ̀ kékeré kan, "èyí", ni mo gbé wá síwájú yín.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1970, afẹ́fẹ́ tí àwọn mẹ́ta inú ọkọ̀ òfuurufú Apollo 13 ń mí síta fẹ́ pa wọ́n. Àwọn ará Houston fi ọ̀rá, páálí àti téèpù ṣe asẹ́ afẹ́fẹ́, wọ́n sì fi rédíò kọ́ wọn bí wọn yóò ti ṣe irú rẹ̀. Wọn kò rí ọwọ́ ara wọn. "Èyí" kò wúlò. Àfi kí wọ́n dárúkọ ohun gbogbo. Apààlọ́ mọ ìṣòro yẹn.

Lónìí, òṣìṣẹ́ lè de kámẹ́rà mọ́ orí, kí ọ̀gá máa wò ó láti òkèèrè. Ojú dé ibẹ̀, ìka kò dé. Wọ́n wá jẹ́ kí ọ̀gá lè fa ilà sórí àwòrán nọ́ọ̀tì tí ó ń sọ. Ṣùgbọ́n bí a kò bá so ilà náà mọ́ nọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀, bí òṣìṣẹ́ bá ti yí orí, nọ́ọ̀tì mìíràn ni "èyí" yóò máa tọ́ka sí.