Ẹ Má Fi Jẹjẹrẹ Pamọ́ Mọ́

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé gbogbogbò ẹgbẹ́ wa. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún àwọn tí kò ráàyè wá.)

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí lórí fóònù nínú ọkọ̀ tàbí lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yí i kọjá. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, àmọ́ ó kan ilé gbogbo wa.

Nígbà tí akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí jẹjẹrẹ, mo ní èmi kì í ṣe dókítà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ó ní ìdí tí wọ́n fi pè mí gan-an nìyẹn. Ìyàwó mi ló ní àìsàn náà, èmi ni mo tọ́jú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n wá sọ ọ́, kí n má fi nǹkan kan bò.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú ti ń tì mí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e sí ibì kan lára ọmú rẹ̀ òsì. Kókó kan wà níbẹ̀, ó le bí ẹ̀pà, kò sì dùn ún. Mo ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ó máa lọ. Tó bá jẹ́ àìsàn gidi ni, ó máa dùn ẹ́." Ọ̀rọ̀ àìmọ̀ ni mo sọ. Jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dun ènìyàn níbẹ̀rẹ̀, ibi tó ti ń tan wá jẹ nìyẹn.

Oṣù méje la fi wò ó níran. A lo àgbo, a gba àdúrà. Tí wọ́n bá béèrè pé kí ló dé tí wọn ò rí i lọ́jà mọ́, a ní ibà ni. Nígbà tí a fi máa dé ọsibítù, kókó náà ti tó ọsàn wẹ́wẹ́. Tí mo bá ní oṣù méje yẹn kò dùn mí títí dòní, irọ́ ni mo pa. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ẹ wo ilé kan tí gbogbo wa mọ̀. Ní 1997 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ọmú lára Betty Anyanwu-Akeredolu. Kò fi pamọ́. Ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ láti máa la àwọn obìnrin lóye. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 2017, ó wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀, Rotimi Akeredolu, di gómìnà Oǹdó. Ọkọ náà ló wá kú, ní December 27, 2023, jẹjẹrẹ prostate ló sì pa á. Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní, ẹni tí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀ kì í ṣe òkú. Èkejì, ẹ̀yin ọkùnrin, àìsàn yìí kì í ṣe ti obìnrin nìkan. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà ní kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ti máa bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò prostate láti ọmọ ọdún 45. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà fún àyẹ̀wò PSA. Ẹ má dúró dìgbà tí ìtọ̀ bá há.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má sọ pé ẹ ṣì kéré. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn kó tó lọ máa ṣiṣẹ́ ní Chicago, ti ṣe ìwádìí ọlọ́dún gbọọrọ lórí èyí. Jẹjẹrẹ ọmú máa ń tètè mú àwọn obìnrin wa ju àwọn òyìnbó lọ, ó sì sábà máa ń jẹ́ irú tó le.

Ní ti ìtọ́jú, ayé ti yí padà. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ló kọ́kọ́ bà wá. Wọ́n ti sọ fún wa pé tí ọ̀bẹ bá ti kan jẹjẹrẹ, ńṣe ló máa tàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pípẹ́ ló ń jẹ́ kó tàn. Wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń bọ́ ọ. Tó bá jẹ́ hómóònù ara obìnrin ló ń bọ́ ọ, oògùn oníhóró bíi tamoxifen wà, tí wọ́n máa ń lò fún ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní HER2, abẹ́rẹ́ trastuzumab ti wà láti 1998, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ́n. Ìyàwó mi gba oògùn chemo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, lẹ́yìn náà a lọ sí Ìbàdàn fún ìtọ́jú onítànṣán. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo o. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ ronú owó ọkọ̀ àti ibi tí a máa sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ máa tọ́jú aláìsàn, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ ra tẹmómítà sílé. Tí ẹni tó ń gba chemo bá gbóná dé 38, ẹ má lọ ra oògùn ibà ní kẹ́mísì. Ọsibítù ni kẹ gbé e lọ lóru ọjọ́ náà, torí agbára tí ara fi ń bá àrùn jà ti lọ sílẹ̀. Ẹ má fún un ní àgbo láìsọ fún dókítà. Tó bá ń jẹ ìrora, ẹ sọ. Oògùn morphine olómi wà fún un, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn sì ti ń kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń lò ó. Kò sí ẹ̀yẹ kankan nínú kí ènìyàn máa joró.

Kí ẹ̀yin olùtọ́jú náà rántí ara yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi lọ sókè débi pé dókítà ìyàwó mi ló ní kí n jókòó, òun fẹ́ yẹ èmi náà wò. Ẹni tó ràn wá lọ́wọ́ jù kò béèrè pé kí la fẹ́. Aládùúgbò wa kan ni. Gbogbo ọjọ́ tí a bá ti Ìlọrin dé, a máa bá ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ín-mọ́ín lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ wa á sì ti wà lórí okùn. Mi ò lè gbàgbé obìnrin yẹn láéláé.

Ó ti di ọdún mẹ́rin báyìí tí ìtọ́jú ti parí. Àwọn ènìyàn á ní, "Ó ti lọ, àbí?" Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ó ń lo hóró oògùn kan lójoojúmọ́. Apá òsì rẹ̀ máa ń wú tó bá gúnyán, nítorí náà èmi ni mò ń gúnyán báyìí, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ àyẹ̀wò, àwa méjèèjì kì í sùn. Àmọ́ ó ti padà sọ́jà. Ohun tó dùn ún jù ni ẹnì kan tó kọ̀ láti fi ife rẹ̀ mu omi. Ẹ jọ̀ọ́, jẹjẹrẹ kì í ràn.

Ohun tí mo wá bẹ yín fún nìyí.

Àkọ́kọ́, ẹni tó bá ní yàrá tó ṣófo ní Ìlọrin, Ìbàdàn tàbí Èkó, kó fi tó akọ̀wé létí, kí ọmọ Ojoku tó ń gba ìtọ́jú má baà sùn ní gbàgede ọsibítù.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún owó ọkọ̀ aláìsàn, kí a sì kọ orúkọ àwọn tó lè fún ènìyàn lẹ́jẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má gbé fọ́tò aláìsàn sórí WhatsApp láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ sì yé fi ewé tí wọ́n ní ó ń pa jẹjẹrẹ ránṣẹ́ káàkiri. Ẹni kan lè torí ẹ̀ fi ìtọ́jú sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wa láti ọdún 9 sí 14 gba abẹ́rẹ́ HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní October 2023, ó sì dé Kwara ní 2024. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni. Irọ́ ni pé kì í jẹ́ kí ọmọ bímọ.

Ẹ̀yin ọkọ, tí ìyàwó yín bá mú ọwọ́ yín lálẹ́ òní, tó ní, "Ẹ fọwọ́ kan ibí yìí wò," ẹ má sọ ohun tí mo sọ. Ẹ bi í pé, "Aago mélòó la máa jáde láàárọ̀ ọ̀la?"

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Olúwa kò ní jẹ́ ká rí ogun àìsàn. Èyí tó bá sì dé, a ò ní dá nìkan jà á.