Ìwọ̀fà Kì í Ṣe Ẹrú
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn ọmọ ilé-ìwé àtijọ́)

Ẹ ní kí n sọ bí ayé ṣe rí nígbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀ wa. N kò ní pẹ́, nítorí òórùn àmàlà ti ń ta sí èmi náà nímú.

Ní kíláàsì ìtàn, a kọ́ ọ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ Jamestown dó ní Virginia, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1607. Tábà ni wọ́n ń gbìn. Àwọn tálákà Gẹ̀ẹ́sì tí kò lówó ọkọ̀ a máa tọwọ́ bọ̀wé láti sin ẹni tó bá wọn san án, ó sábà ń jẹ́ ọdún 4 sí 7. A kà á, a yege, a gbàgbé. Kò yé wa pé ohun tó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ lóko bàbá wa.

Ní 15 August 1893 ni àwọn ìjòyè Ìbàdàn tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Captain Bower di Ajẹ́lẹ̀. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì gba Lálúpọn kọjá lọ sí Òṣogbo nígbà tó yá. Ogun parí, jagunjagun padà sóko, kòkó sì gba ọ̀nà Akánran kan.

Ta ló ń ro oko náà? Láyé ogun, ẹrú ni. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde tó kú ní 1874, ní wọn rẹpẹtẹ. Nígbà tí kò sógun tí wọn yóò ti kó ẹrú mọ́, ìwọ̀fà ló kù. Ẹ sì wò ó, kòkó kì í so lọ́dún tí a gbìn ín. Kó tó so, òkú ń kú, ìyàwó ń wọlé, ìjọba ń béèrè owó-orí. Owó-orí yìí wà lára ohun tó dá Ogun Àdùbí sílẹ̀ ní Ẹ̀gbá ní 1918. Níbo ni tálákà yóò ti rówó? Ilé olówó náà ni.

Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ bíbí ìlú ni, ó ní onígbọ̀wọ́, olówó rẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á. Àgbàlagbà a máa gbé ilé ara rẹ̀, a lọ kọ ebè olówó, a sì tún ro tirẹ̀. Ọmọdé ló ń bá olówó gbé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe, èlé lásán ni; kò dín kọ́bọ̀ kù nínú owó. Ti Virginia ní iye ọdún. Tiwa kò ní. Títí di àwọn ọdún 1930, ó ṣì wà.

Bàbá àgbà mi ṣe ìwọ̀fà nítorí owó tí wọ́n fi sin òkú ìyá rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n sọ fún mi pé ó fi sìn. Ìgbà tó bọ́ ló gbin kòkó tirẹ̀, owó kòkó yẹn ló sì rán bàbá mi níwèé. Òun náà ló jẹ́ kí n jókòó pẹ̀lú yín ní kíláàsì.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ ọ́? Ní ìpàdé wa kan, ẹnì kan bínú, ó pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní “ọmọ ìwọ̀fà.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Ojú ń tì mí láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ará, ta ló mọ ẹni tí bàbá rẹ̀ sìn àti ẹni tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ nínú wa? Àwọn baba wa ní ẹrú pàápàá ṣe ọmọ nílé ìyá rẹ̀ rí, áńbọ̀sì ìwọ̀fà tó fi òógùn rẹ̀ dúró ti ẹbí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pa èébú náà tì. Àwọn àgbà tó mọ ìtàn yìí ń tán lọ lábà, ní Akínyẹlé, ní Lagelu, ní Ẹgbẹ́dá, ní Ọ̀nà-Àrà. Bí ẹ bá délé, ẹ bi wọ́n, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ mú un wá fún ìwé ìròyìn wa tó ń bọ̀.

Mo ti kọ ti bàbá àgbà mi. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun.