Kí A Tó Sanwó Ilé, Ẹ Jẹ́ Kí A Yẹ Ilé Wò

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá

Ọlọ́run tó jẹ́ kí a rí ọdún kẹwàá yóò jẹ́ kí a rí ogún ọdún, yóò sì jẹ́ kí a rí àádọ́ta.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ Alukoro ni kó máa gbé orúkọ ẹgbẹ́ síta. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni mo fẹ́ sọ, ẹ̀yin àlejò wa yóò sì rí tiyín mú níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí a ti ń dá owó ilé ìpàdé. Ìmọ̀ràn tó borí báyìí ni pé dípò kí a ra ilẹ̀ kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, kí a ra ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ti kọ́ parí, kí a kùn ún ní ọ̀dà ẹgbẹ́, kí a sì ṣí i. Èmi náà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un: kí a tó sanwó fún ẹni tó ni ilé, ẹ jẹ́ kí a sanwó fún ẹni tó mọ ilé wò.

Nítorí pé iṣẹ́ báńkì ni mo ń ṣe, àwọn kan nínú yín ti bi mí pé, "Alukoro, ṣé báńkì kì í rán ènìyàn lọ wo ilé kó tó yáni lówó ni?" Ó ń rán ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n olùdíyelé ni ẹni náà. Ohun tí báńkì fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé, bí ẹni tó yáwó kò bá rí i san, èló ni a lè rí lórí ilé yìí? Yóò wo àdúgbò, yóò wo títì, yóò wo iye tí wọ́n ta èyí tó wà nítòsí, yóò ka yàrá, yóò sì kọ iye kan sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kì í gun òrùlé, kì í sì í ṣí sókàwéè. Iye tí ilé tó lọ́jà ọ̀tọ̀, bí ara ilé ṣe le tó ọ̀tọ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀. Lọ́yà yóò bá wa yẹ C of O wò, sọ̀fíyọ̀ yóò bá wa wá òkúta ààlà kàn. A kò gbọdọ̀ fo èyíkéyìí nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ilẹ̀ ni ìwé ń sọ. Kò lè sọ bóyá irin inú ọ̀pó ti dípẹtà.

Ẹ kò ní tíì gbàgbé ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, nígbà tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó ní Ìta Fájì, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké wà lókè ilé náà. Nǹkan bí ogún ènìyàn ló kú, ọmọ ilé ìwé sì wà nínú wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn aláṣẹ sọ pé àwọn ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé wíwó ló yẹ kí wọ́n wó o. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà mọ́kànlélógún tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, ó sì pa ènìyàn tó lé ní ogójì. Ìkòyí kì í ṣe àdúgbò tálákà. Owó nìkan kò lè gbé ilé ró.

Ti àwa tún wá yàtọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn bá mi lọ níbí yìí. Ilé gbígbé ni wọ́n kọ́ ilé tí a ń wò yìí fún: bàbá, ìyá, àwọn ọmọ, àga mélòó kan. Gbọ̀ngàn ni àwa fẹ́ fi òkè rẹ̀ ṣe. Ẹ mọ̀ wá. Bí onílù bá ti kì wá, kò sẹ́ni tó ń jókòó mọ́. Nínú ìlànà tí àwọn ẹnjiníà fi ń ṣírò ilé, ẹrù tí dẹ́ẹ̀kì gbọ̀ngàn gbọ́dọ̀ lè gbà ju ìlọ́po mẹ́ta ti yàrá ilé gbígbé lọ. Nítorí náà, ilé kan lè dúró fún ogún ọdún lábẹ́ ìdílé kan láìsí ìyọnu, kó má sì lè gba ijó ẹgbẹ́ kan ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó bá sọ pé, "Ṣebí àwọn ènìyàn ń gbé inú rẹ̀," kò tíì dáhùn ìbéèrè tiwa.

Kí wá ni àyẹ̀wò ilé? Ó jẹ́ iṣẹ́ ẹnjiníà tàbí akọ́lé tó kọ́ṣẹ́, tó sì gba ìwé àṣẹ, tí yóò yẹ ilé wò láti ilẹ̀ dé òrùlé, tí yóò sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bá a rìn.

Ìta ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Yóò wo ibi tí omi òjò ń gbà. Ṣé gọ́tà ń gbé omi lọ, àbí ẹsẹ̀ ilé ni omi ń dúró sí? Ṣé àgbàrá ti ń họ ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ìpìlẹ̀? Ṣé ilẹ̀ líle ni, àbí àbàtà tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ dí? Ṣé igi ńlá kan ti na gbòǹgbò wọ abẹ́ ilé? Ìdí nìyí tó fi dára kí a lọ lẹ́yìn òjò ńlá. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ilé ló ń gbẹ.

Lẹ́yìn náà ni ògiri. Àwọn àgbà wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibi tí ògiri ti lanu ni ewu. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí lè jẹ́ rírẹ́ nìkan ló gbẹ. Èyí tó ń dẹ́rù bani ni èyí tó dá gọ́ọ́rọ́ wálẹ̀ láti igun fèrèsé, tàbí tó ń gba àárín búlọ́ọ̀kù lọ bí àtẹ̀gùn, tó fẹ̀ tó kí ọmọ ìka wọ̀ ọ́, tàbí tó hàn ní inú àti ní ìta. Ó lè jẹ́ pé apá kan ilé ń rì. Ẹnjiníà yóò fi pẹ́ńsù sàmì sí orí àti ìdí ìlà náà, yóò kọ ọjọ́ sí i, yóò sì padà wá wò ó bóyá ó ti gùn sí i. Bí ó bá rí ọ̀dà tuntun ní ibì kan ṣoṣo lára ògiri àtijọ́, yóò béèrè ohun tí wọ́n fi bò. Yóò tún wo ìsàlẹ̀ ògiri bóyá ọ̀rinrin ń gòkè láti inú ilẹ̀, tí ọ̀dà ń bó, tí rírẹ́ sì ń rú bí ìyẹ̀fun.

Ọ̀pó, bíìmù àti dẹ́ẹ̀kì ló kàn, ibẹ̀ sì ni ìyè wà. Yóò wò ó bóyá ọ̀pó òkè dúró lórí ọ̀pó ìsàlẹ̀, àbí ẹnìkan ti yọ ògiri kan kúrò kí pálọ̀ lè fẹ̀. Yóò wo abẹ́ dẹ́ẹ̀kì, pàápàá lábẹ́ ilé ìwẹ̀, nítorí omi tó ń jò níbẹ̀ ń jẹ irin. Irin tó bá dípẹtà a máa wú, a sì máa ti kọnkéré jábọ́. Ohun èlò kan wà bí òòlù tí wọ́n ń gbá mọ́ kọnkéré, bí ó ṣe ta padà sí ni yóò sọ bí ojú kọnkéré náà ṣe le tó. Bí iyèméjì bá ṣì wà, wọ́n lè gé díẹ̀ nínú kọnkéré náà lọ sí yàrá ìdánwò. Ní Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tó ń dán ohun èlò ìkọ́lé wò. Ẹ rántí pé ọdún 2014 ni àjọ SON pàṣẹ pé sìmẹ́ńtì 32.5 kò gbọdọ̀ ju ti rírẹ́ ògiri lọ, pé 42.5 ni kí a máa fi da ọ̀pó àti dẹ́ẹ̀kì. Bí ilé bá ti wà ṣáájú ọdún yẹn, kò túmọ̀ sí pé kò dára, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a béèrè.

Lẹ́yìn èyí ni yóò gun inú àjà. Àwòrán omi lára sílíìnì ń sọ ibi tí páànù ti ń jò. Yóò fi ọ̀bẹ gún igi òrùlé bóyá ikán ti jẹ ẹ́ nínú, nítorí ikán a máa fi awọ igi sílẹ̀ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan.

Yóò wo iná. Ní ilé wa níbí, wáyà 1.5 ni a sábà máa ń lò fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún ẹ̀rọ amúlétutù. Ibi tí wọ́n bá ti fi wáyà gílóòbù gbé ẹ̀rọ amúlétutù ni iná ti ń sọ. Yóò wò ó bóyá wáyà ilẹ̀ wà, àti bóyá ibi tí a ti ń yí iná jẹnẹrétọ̀ sí iná ìjọba kò lè mú kí méjèèjì pàdé.

Yóò wo omi àti ìdọ̀tí. Yóò ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, yóò da omi sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, yóò sì ṣí ìdérí sókàwéè. Yóò wọn àárín kànga àti sókàwéè, ti ilé wa àti ti aládùúgbò. Àwọn onímọ̀ ìlera ń dámọ̀ràn pé kó tó nǹkan bí mítà 30. Ní ibi tí a ti ń fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún àlejò lómi mu, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Ní ìparí, yóò wo ọ̀nà àbájáde. Bí iná bá ṣẹ́ yọ nísàlẹ̀, ṣé àtẹ̀gùn mìíràn wà? Ṣé irin olè ojú fèrèsé ṣeé ṣí láti inú? Ṣé ilẹ̀kùn ńlá ń ṣí síta?

Nígbà tó bá parí, ìwé ni yóò fún wa pẹ̀lú àwòrán, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìwé tó dára máa ń pín ohun tó rí sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí a gbọ́dọ̀ tún ṣe kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó wọ ibẹ̀, ohun tí a lè ṣe láàárín ọdún kan, àti ohun tí a kàn ní láti máa ṣọ́. Yóò sì sọ ohun tí kò lè rí. Kò sí ẹni tó lè rí inú ògiri tí kò fọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó lè búra fún ilé títí ayé.

Ta ni kí a pè? Ẹnjiníà tó ní nọ́ńbà COREN, tí a sì yẹ nọ́ńbà náà wò. Kí ó má ṣe jẹ́ ẹni tí onílé tàbí àjẹ́ǹtì mú wá. Àjẹ́ǹtì kì í gbowó àfi bí ilé bá tà, ọ̀bẹ kì í sì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé a ní àwọn akọ́lé àgbà láàárín wa, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa lọ, kí wọ́n bá wa bi ẹnjiníà ní ìbéèrè tí àwa kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a gbé ẹrù yìí lé ọmọ ẹgbẹ́ lórí ní ọ̀fẹ́, nítorí bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́la, ilé yóò lọ, ọ̀rẹ́ yóò sì lọ. Ẹ tún jẹ́ kí a ti mọ owó iṣẹ́ ẹnjiníà ṣáájú. Kí ó má ṣe so mọ́ iye tí wọ́n ta ilé.

Àwọn kan yóò ní owó yẹn ti pọ̀ jù. Mo mọ tọkọtaya kan, oníbàárà wa ni wọ́n, tí wọ́n fẹ́ ra ilé. Wọ́n pe ẹnjiníà. Ó rí i pé omi ti jẹ irin dẹ́ẹ̀kì lábẹ́ ilé ìwẹ̀ méjì. Wọn kò bá onílé jà. Wọ́n gbé ìwé náà fún un, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ wò ó." Onílé yọ owó àtúnṣe kúrò nínú iye ilé, owó tó yọ sì ju owó ẹnjiníà lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ìwé bá sì ní kí a má rà á, owó ẹnjiníà nìkan ló lọ, owó ẹgbẹ́ ṣì wà ní báńkì.

Owó yìí, ẹ rántí bí a ṣe dá a. Àwọn kan nínú wa ń ta ọjà lójúmọ́, wọ́n ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan ń fi ránṣẹ́ láti London àti Amẹ́ríkà láìtíì rí ilé náà sójú. Àwọn méjì kan ti san tiwọn pé kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ojú wọn ni kí a fi wo ilé yẹn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Kí ìgbìmọ̀ ilé fi owó àyẹ̀wò sínú ètò ìnáwó. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bí àyẹ̀wò bá fi ewu hàn, owó àsansílẹ̀ wa yóò padà. Kí a sì ka ìwé ẹnjiníà ní gbangba ìpàdé kí a tó dìbò. Ẹ̀yin àlejò wa, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ra ilé, kí ẹ sì yẹ èyí tí àwọn ọmọ yín ń gbé ní ìlú ìwé wò náà.

A óò rí ilé tó dára rà. A óò ṣí i pẹ̀lú ìlù àti ayọ̀, a óò jó lókè rẹ̀ láìfòyà, àwọn ọmọ wa yóò sì jó níbẹ̀ lẹ́yìn wa. Ẹgbẹ́ wa yóò dàgbà, yóò dọ́gbọ́n.