Owó Ọdún Nìkan Kọ́ Ni Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n mú ohun tó kan púpọ̀ nínú wa. Mo wo ìwé orúkọ wa, mo sì rí i pé lọ́yà pọ̀ láàárín wa bí ewé. Akọ̀ròyìn ni èmi, ilé-ẹ̀kọ́ poli ni mo ti jáde, n kò wọ wíìgì rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn kóòtù máa ń rí ohun tí ẹni tó dúró níwájú adájọ́ kò ráyè wò. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí àwọn lọ́yà ṣe lè fi ọwọ́ gidi mú ẹgbẹ́ wọn tí a mọ̀ sí NBA. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe lọ́yà, ẹ má sùn o, ẹ óò gbọ́ ti yín níbẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ọdún 1879 ni wọ́n pe Christopher Alexander Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, sí iṣẹ́ lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Lónìí, ẹ̀ka NBA ti lé ní 120. Gbogbo ẹni tó bá di lọ́yà ní ilẹ̀ wa ti di ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn, kò sí pé mo fẹ́ tàbí n kò fẹ́. Owó iṣẹ́ ọdọọdún wà, tí wọ́n gbọ́dọ̀ san kí oṣù kẹta tó parí. Òfin sọ pé ẹni tí kò bá san án kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ ní kóòtù. Láti ọdún 2015, òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ tún ti dé, tí lọ́yà gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ìwé tó bá kọ.

Ẹ wá rí i pé ẹgbẹ́ yìí kò níṣòro iye ènìyàn. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ènìyàn lè san owó, kó gba òǹtẹ̀, kó sì má mọ ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ ti ń ṣèpàdé. Òfin lè mú owó jáde lápò, ṣùgbọ́n kò lè mú ọkàn wá sípàdé.

Àwọn kan á ní, "Kí ló kàn mí? Mo ti san tèmi." Ohun tó kàn yín ni mo fẹ́ sọ yìí. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun gbé ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ tiwọn kalẹ̀ láti dá àwọn olóṣèlú lẹ́jọ́. Ẹgbẹ́ ní kí lọ́yà kankan má dé ibẹ̀. Gbogbo wọn kọ́ ló gbà, Gani Fawehinmi lọ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn dúró sílé. Kò sí ọlọ́pàá tó tì wọ́n mọ́lé. Ohùn ẹgbẹ́ ni wọ́n gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọdún 1992. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n pàdé ní Port Harcourt láti yan olórí. Ìjà dé, ìpàdé tú ká, wọn kò rí olórí yàn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nígbà tó di 1993, ìjọba ológun gbé Òfin 21 jáde, wọ́n gbé àkóso ẹgbẹ́ fún Body of Benchers. Nínú ènìyàn 128 tó wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn, 31 péré ni ẹgbẹ́ lọ́yà fúnra rẹ̀ fà kalẹ̀. Òfin náà tún ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí kóòtù. Ẹ gbọ́ o, lọ́yà tí wọ́n ní kó má lọ sí kóòtù! Ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ Civil Liberties Organisation gbé e lọ sọ́dọ̀ Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Áfíríkà, àjọ náà sì dá wọn láre ní 1995. Síbẹ̀, ọdún 1998 ni ẹgbẹ́ tó tún ní olórí fún gbogbo Nàìjíríà. Ọdún mẹ́fà gbáko! Kí ni kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ kú pátápátá? Àwọn ẹ̀ka ni. Àwọn tó ń pàdé lóṣooṣù ní ìlú wọn, tí wọ́n ń kí ara wọn, tí wọ́n ń sin òkú ara wọn, àwọn ló di ẹgbẹ́ mú.

Ẹ̀kọ́ ti wà níbẹ̀. Títí di ọdún 2014, aṣojú díẹ̀ láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ń yan olórí. Ní 2016, wọ́n yí i padà: gbogbo ẹni tó san owó rẹ̀ lè dìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbò tí àwọn tó dupò ààrẹ pín lọ́dún yẹn kò tó 6,000. Ní 2020, ó ti lé ní 18,000. Ní 2024, ó lé ní 40,000. Ẹni tí a bá fún ní ohùn máa ń fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìbò, ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ni. Ìpàdé oṣooṣù ńkọ́? Mo bi àwọn ọ̀dọ́ lọ́yà kan léèrè ìdí tí wọn kì í fi í lọ. Ọ̀kan ní owó oṣù òun kò tó owó ọkọ̀, ìpàdé wo ló kù? Òmíràn ní bí òun bá débẹ̀, àwọn àgbà nìkan ló ń sọ̀rọ̀, tiwọn ni kí wọ́n ṣètò àga. Ẹ̀kẹta ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó ní kóòtù nìkan ni wọ́n ń sọ. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn.

Ohun tí mo rò pé ó lè tún un ṣe kò le. Ìkíní, kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀ lákòókò, kó sì parí lákòókò. Ìkejì, kí ẹ gbé iṣẹ́ lé ọ̀dọ́ lọ́wọ́, kì í ṣe àga nìkan: ẹjọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn tó ń dúró de ìgbẹ́jọ́ lẹ́wọ̀n, ìwé ìròyìn ẹ̀ka, ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìkẹta, kí àgbà lọ́yà kọ̀ọ̀kan mú ọ̀dọ́ kan mọ́ra, kó sì san owó tó yẹ fún ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹ ò lè máa jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú kí ebi máa pa ọmọ yín ní ṣáńbà. Ìkẹrin, kí akápò ka ìṣirò owó sétí gbogbo ènìyàn. Ìkarùn-ún, kí ẹ ṣàbẹ̀wò sí ẹni tí kò wá ní ìpàdé mẹ́ta. Ó lè jẹ́ àìsàn ni. Lẹ́tà owó ìtanràn kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ ti rí ti wa níbẹ̀ báyìí? Àwa náà ní owó ọdún. Àwa náà ní àwọn tó ń san án tí a kò rí ojú wọn láti ọjọ́ tí a ti jáde. Ẹ̀yin lọ́yà àárín wa, tí ẹ bá délé, ẹ wá ẹ̀ka yín lọ lóṣù tó ń bọ̀, kí ẹ sì mú ọ̀dọ́ kan dání. Àwa yòókù, ẹ jẹ́ ká wá ẹnì kọ̀ọ̀kan rí nínú kíláàsì wa kí ìpàdé mìíràn tó pé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ì báà jẹ́ àyà lọ́yà, ì báà jẹ́ ti akọ̀ròyìn.