Àgbàrá àti Kànga Gbígbẹ

Ohun méjì ni àwọn ará Ìbàdàn máa ń ráhùn lé lórí láàárín ọdún kan: ní ìgbà òjò, àgbàrá ń wó ilé, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kànga ń gbẹ. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni ìṣòro kìíní, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì.

Kí ni omi kànga? Òjò tí ó ti wọlẹ̀ ni. Orí àpáta líle ni a tẹ Ìbàdàn dó sí. Àpáta yìí kì í gba omi, àfi níbi tí ó bá ti sán. Ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ ti jẹrà di ilẹ̀ láti ayébáyé, ilẹ̀ yìí sì ni ìkòkò omi ìlú. Bí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí igi àti koríko bò, apá kan a padà sí òfuurufú, apá kan a ṣàn lọ sódò, apá kan a sì rọra wọlẹ̀. Nítorí pé ìkòkò náà kò jìn, bí òjò ọdún kan kò bá wọlẹ̀ tó, ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀ lé e ni yóò fi hàn.

Ìlú tí ń gbòòrò ni ó fi ọmọrí dé ìkòkò yìí. Páànù, kọnkéré àti títì ọlọ́dà kì í jẹ́ kí omi wọlẹ̀. Bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sórí òrùlé tí ó jẹ́ mítà 10 lóròó, mítà 10 níbùú, omi rẹ̀ jẹ́ lítà 5,000: dúrọ́ọ̀mù 25 gbáko. Gọ́tà ni ó ń gbà lọ sínú odò. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó sì gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún pa ju 100 ènìyàn lọ. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n onílé tí ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo àgbàlá rẹ̀ ti gbà fún un.

Fífa omi jù ni ọ̀ràn kejì. Omi ẹ̀rọ Ẹlẹ́yẹlé ti ọdún 1942 àti ti Aṣèjìrẹ́ ti ọdún 1972 kò kárí ìlú. Nítorí náà, olówó ń lu kànga ẹlẹ́rọ wọ inú àpáta, èyí sì lè fa kànga aláìjìn ti aládùúgbò gbẹ. Lóòótọ́, omi ṣáláńgá àti ti páìpù tí ó bẹ́ a máa padà wọlẹ̀, ṣùgbọ́n omi tí ó kó ẹ̀gbin wọ kànga kì í ṣe èrè.

Ǹjẹ́ omi tí ó ti lọ lè padà? Ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù kò rí bí ti Ìbàdàn, síbẹ̀ ó kọ́ni lọ́gbọ́n. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ láìsinmi, ó lọ sísàlẹ̀ gan-an. Nígbà tí fífà náà dín kù lẹ́yìn ọdún 1960, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Nítorí náà, kí onílé fi apá kan àgbàlá rẹ̀ sílẹ̀ fún koríko, kí ó sì gbẹ́ kòtò olókùúta tí omi òrùlé yóò máa gbà wọlẹ̀, jìnnà sí ṣáláńgá. Kí ìjọba má ṣe jẹ́ kí a kọ́lé sí àbàtà àti etí odò. Kí olùkọ́ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa wọn omi kànga ilé-ìwé lóṣooṣù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òjò tí a bá gbà láyè láti wọlẹ̀ lónìí ni a ó fà mu ní ẹ̀ẹ̀rùn.